Ayasofya tàbí Sultanahmet: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ọ̀kan ní Istanbul

Ayasofya, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ti di mọ́sálásí, àti mọ́sálásí Sultanahmet dojú kọ ara wọn ni. Ọgbà òdòdó kan tí omi ń tú jáde láàárín rẹ̀ ló pín wọn níyà, ẹni tó bá sì ń rọra fẹsẹ̀ rìn kò ní lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ẹnu ọ̀nà ọ̀kan dé ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ń sọ pé kò sí ohun tí àwọn fẹ́ yàn, pé méjèèjì làwọn máa wọ̀. Lójú máàpù, òótọ́ ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, aago ìrun, ìlà àwọn tó ń yẹ ẹrù wò àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò pinnu ohun tí ẹ máa rí. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta nílùú náà kò nílò ìmọ̀ràn kankan lórí èyí. Ẹni tó ní àárọ̀ kan péré, tàbí wákàtí díẹ̀ láàárín ọkọ̀ òfurufú méjì, ló yẹ kó jókòó rò ó, torí ẹni tó lé eku méjì ló ń pòfo.

Ìdáhùn kúkúrú rèé. Bó bá jẹ́ pé ọgbọ́n ilé kíkọ́ àti ìtàn ló ń wù yín, Ayasofya ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mọ́sálásí tí gbogbo rẹ̀ pé, tí ẹ lè wọlé dúró, kí ẹ gbójú sókè láì san kọ́bọ̀, lẹ fẹ́, Sultanahmet ni. Ohun mẹ́ta ló lè yí ìdáhùn yìí padà: ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ àtúnṣe tó ń lọ lọ́wọ́ nínú Ayasofya, àti bóyá ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ kírun níbẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ wọn

Ní January 532, rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Nika sun ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí ilẹ̀ Ayasofya tẹ́lẹ̀. Ọba Justinian, tó ń jọba níbẹ̀ nígbà náà, pe Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus pé kí wọ́n kọ́ òmíràn, wọ́n sì ṣí i ní 27 December 537. Kò pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìkánjú yìí wà lára ohun tó dà á láàmú nígbẹ̀yìn, nítorí ohun tí wọ́n fi lẹ bíríkì pọ̀ kò rí àyè gbẹ dáadáa kí ẹrù òkè tó gùn ún.

Òrùlé rìbìtì àárín rẹ̀, tó dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 31. Láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 55. Fèrèsé 40 ló yí ìdí òrùlé náà ká, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló sì ń mú kó dà bí ẹni pé kò fara kan ohunkóhun. Áàkì ńlá mẹ́rin, tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, ló gbé e. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àlàfo máa ń wà láàárín orí áàkì àti ìdí òrùlé. Ògiri onígun mẹ́ta tó tẹ̀ wọnú ni wọ́n fi dí i. Ọgbọ́n yẹn ló jẹ́ kí ohun tó rí róbótó lè jókòó pẹ́sẹ́ sórí àyè onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá débẹ̀, igun wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú wá, kí ẹ tó wo góòlù àti àwòrán.

Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í kàn ń tẹ ògiri mọ́lẹ̀, ó tún ń tì í síta. Ní ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ààbọ̀ òrùlé rìbìtì méjì ló ń gba agbára yẹn dúró. Ní àríwá àti gúúsù, kò sí irú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wọlé. Ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún díẹ̀, òrùlé àkọ́kọ́ sì já lulẹ̀ ní 558. Isidore Kékeré, ìbátan Isidore àkọ́kọ́, ló gbé òmíràn lé e, ó sì parí rẹ̀ ní 562. Ó mú un ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé bí òrùlé rìbìtì bá ṣe tẹ́ tó ni yóò ṣe máa ti ògiri síta tó. Síbẹ̀, apá kan tún wó ní 989, apá mìíràn ní 1346. Àwọn ògiri ràgàjì tí ẹ máa rí níta, tó jẹ́ kí ojú òde ilé náà wúwo tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, wọ́n fi kún un láti gbá a mú ni. Sinan, ọ̀gá àwọn kọ́lékọ́lé ìjọba Ottoman ti àwọn Tọ́kì, wà lára àwọn tó fún un lókun ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ìyẹn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú ilé náà tí àlejò ń gbà, ẹ wo àwọn òpó àti ògiri ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Wọ́n fì síta ní tòótọ́. Ojú yín kò tàn yín jẹ.

Sultanahmet jẹ́ ọmọ ìgbà mìíràn. Sultan Ahmed Kìíní kò ju ọmọ ọdún 19 lọ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1609, ó sì kú ní 1617, ọdún tí wọ́n ń parí iṣẹ́ náà. Sedefkâr Mehmed Ağa, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sinan, ló kọ́ ọ. Òrùlé rìbìtì tirẹ̀ kéré sí ti Ayasofya: ó fẹ̀ ní mítà 23.5, ó sì ga ní mítà 43. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe yanjú ìṣòro tó pa Ayasofya lára: ààbọ̀ òrùlé mẹ́rin ni wọ́n fi yí i ká, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí agbára tó ń jáde lọ sí apá ibi gbogbo lè bára mu. Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kò ṣe nílò ògiri ràgàjì níta. Láti ọ̀ọ́kán, ẹ ó rí i bí òrùlé ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ńlá dé orí kékeré. Ohun tí wọ́n fi san án ni òpó mẹ́rin tó dúró gbagidi sínú ilé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà 5. Àwọn kan gbà pé òpó wọ̀nyí ti tóbi jù, wọ́n ń dí ojú. A kò bá wọn jiyàn. Ayasofya fi òpó tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, àyè inú rẹ̀ sì nà gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú. Ti Sultanahmet rí bákan náà sí ibi gbogbo tí ẹ bá yíjú sí.

Ní ti táìlì: ó lé ní 20,000 táìlì ìlú İznik tó wà nínú Sultanahmet, àwọn ni òkìkí wọn sì kàn. Ohun tí ìwé ìpolówó kì í sọ ni pé àwọn tó dára jù wà lókè, ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí àlejò kì í dé. Àwọ̀ búlúù tó gba gbogbo apá òkè kì í ṣe táìlì rárá, ọ̀dà tí wọ́n fi ya àrà ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó àti ewé inú táìlì yẹn gbọ́dọ̀ mú fóònù tó lè fa àwòrán súnmọ́ tàbí awò ìwòran-ọ̀nà-jíjìn dání. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbòrí búlúù lásán lẹ máa rí. Àtúnṣe ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ti parí ní 2023, nítorí náà inú rẹ̀ mọ́, kò sì sí irin òṣìṣẹ́ tó dí òrùlé.

Ayasofya ni kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ti wọ inú rẹ̀, ní 2025 wọ́n sì gbé irin gíga dúró sí àárín ilé kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dé òrùlé ńlá náà. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wá àwòrán tí àwọn èèyàn yà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì gbé síta. Bí irin bá ṣì bo òrùlé, tó sì jẹ́ pé òrùlé yẹn nìkan ló ń mú yín lọ, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ yan Sultanahmet. Bó bá jẹ́ àwòrán ara ògiri lẹ ń wá, irin náà kò ní dí yín lọ́wọ́ púpọ̀, torí pé apá òkè ni èyí tó pọ̀ jù wà.

Ohun tí owó Ayasofya ń rà

Láti 15 January 2024, àlejò tó wá wo ilé kò lè rìn nísàlẹ̀ mọ́. Àwọn tó wá kírun ló ni ìsàlẹ̀. Àlejò ń gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ sókè, 25 euro sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún iye náà wò kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé káàdì tí wọ́n ń tà fún mùsíọ́mù gbogbo ní Istanbul kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra káàdì yẹn nítorí Ayasofya, tí wọ́n á wá máa jiyàn lẹ́nu géètì. Mùsíọ́mù kan tún wà nítòsí tó ń fi àwòrán fídíò sọ ìtàn Ayasofya, wọ́n sì máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tó so méjèèjì pọ̀. Ilé ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ má bàa san owó ohun tí ẹ kò wá.

Ohun tí ẹ kò ní rí láti òkè, tàbí tí ẹ kò ní lè dé ìdí rẹ̀: òpó tó máa ń tutù tí àwọn èèyàn ń ti àtàǹpàkò bọ ihò rẹ̀, àti ojú ilẹ̀ mábù olóbìrípo tí wọ́n ti ń dé àwọn ọba ìgbà àtijọ́ ládé. Bí ẹ bá ti ka ìwé àtọdúnmọ́dún tó ní kí ẹ lọ fọwọ́ kan òpó, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rí kì í ṣe kékeré ṣá. Ọ̀nà tó lọ sókè kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ọ̀nà olókùúta tó ń dagun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn sì ti mú òkúta rẹ̀ dán. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ kò dára níbẹ̀, kò sì rọrùn fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ wá apá gúúsù lọ. Ẹ ó kọjá láàárín ilẹ̀kùn mábù kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún, ni àwòrán Jésù láàárín Màríà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà, tí wọ́n fi òkúta àti gíláàsì wẹ́wẹ́ tò jọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ dànù, ṣùgbọ́n ẹ súnmọ́ ojú Jésù, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe fi òkúta tí kò ju èékánná lọ ṣe òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ dúró pẹ́ níbẹ̀. Òun nìkan tó owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá rìn dé ìpẹ̀kun apá gúúsù yẹn, àwòrán méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Ọbabìnrin Zoe àti ọkọ rẹ̀, Constantine Kẹsàn-án. Ẹ wo orí ọkọ náà dáadáa: wọ́n ti yọ orí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ti Constantine sí i, torí ọkọ kẹta tí Zoe fẹ́ nìyẹn. Èkejì jẹ́ ti Ọba John Kejì Komnenos àti aya rẹ̀, Irene. Lára òkúta mábù tí wọ́n fi ṣe ìfarati ní apá gúúsù yìí kan náà, ẹnì kan láti ilẹ̀ àríwá Yúróòpù fi lẹ́tà àwọn Viking gbẹ́ orúkọ sára rẹ̀. Halfdan ni wọ́n rí kà níbẹ̀. Orúkọ Enrico Dandolo, olórí Venice tó darí ogun tó kó ìlú náà ní 1204, wà lára òkúta ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀ pẹ̀lú, ó sì rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Ẹ máa fi ojú wo pátákó róbótó mẹ́jọ tó ní orúkọ Ọlọ́run, ti Ànábì Muhammad, ti àwọn kálífà mẹ́rin, ti Hasan àti ti Husayn. Kazasker Mustafa İzzet Efendi ló kọ wọ́n nígbà àtúnṣe 1847 sí 1849, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mítà 7.5. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní láti ta ọrùn sẹ́yìn kí wọ́n tó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Èyí ni èrè òkè tí àwọn tó ń ráhùn nípa òfin tuntun kì í sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kírun

Ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí yàtọ̀. Ayasofya ti padà di mọ́sálásí ní July 2020, wọ́n sì kí ìrun àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 24 July ọdún yẹn. Ẹni tó wá kírun kò san owó. Ó gba ẹnu ọ̀nà olùjọsìn, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe àlùwàlá kí ẹ tó dé ìlà, torí ẹni tó bá jáde kúrò ní ìlà láti lọ ṣe é yóò tún ìlà tò. Àwọn obìnrin ní àyè tiwọn. Láti ibẹ̀ ẹ ó rí ohun kan tí àwọn tó wà lókè sábà máa ń fò: míhírábù, ihò ara ògiri tí lémọ́mù máa ń kọjú sí, kò sí ní àárín gbùngbùn iwájú ilé, ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún, ìlà kápẹ́ẹ̀tì náà sì dagun. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́ ilé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò kọjú rẹ̀ sí Mẹ́kà gẹ́lẹ́, àwọn tó sọ ọ́ di mọ́sálásí lẹ́yìn tí àwọn Ottoman gba ìlú náà ní 1453 sì tún kíbúlà ṣe láì wó ògiri. Aṣọ ìkélé máa ń bo àwòrán Màríà tó wà lókè ibẹ̀ nígbà ìrun.

Nítorí náà, Mùsùlùmí tó fẹ́ yan ọ̀kan, tí kò sì fẹ́ náwó, lè kí Àyílà ní Ayasofya, kó sì rí òrùlé ńlá náà láti ìsàlẹ̀. Àwòrán ara ògiri tòkè ni kò ní rí. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kó má díbọ́n láti sá fún owó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bi èèyàn léèrè, ìtìjú rẹ̀ sì ju 25 euro lọ.

Aago ló ni ọjọ́ yín

Ní Sultanahmet, wọ́n máa ń ní kí àlejò jáde ní gbogbo àkókò ìrun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í dúró di ìgbà tí ládàánì bá pèrun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn. Wọ́n ti máa ń dá ìlà dúró ṣáájú, wọn kì í sì í ṣí i lójú ẹsẹ̀ tí ìrun bá parí. Ẹ ka ìrun kan sí wákàtí kan tó lọ, ó kéré tán. Ìwé àkókò ọjọ́ náà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà àlejò.

Orílẹ̀-èdè Tọ́kì kì í yí aago padà mọ́ láàárín ìgbà òtútù àti ìgbà ooru, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò rọrùn. Àyílà máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago kan ọ̀sán jálẹ̀ ọdún. Alásárì ló ń sún kiri: ní December, ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní June, ó ti ré kọjá aago márùn-ún. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ẹ bá lọ nígbà òtútù, ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè: láàárín ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn Àyílà àti ìgbà tí wọ́n bá tún tì í fún Alásárì, ó lè má ju wákàtí kan lọ, gbogbo ẹni tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀kan sì ti wà lórí ìlà. Ní December, àárọ̀ nìkan ni kí ẹ gbára lé. Ní June, ọ̀sán ṣì gbà.

Ìrun ojoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹni tó wà lókè Ayasofya lọ́wọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Láti bí aago méjìlá ọ̀sán títí di nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, ilé méjèèjì kì í gba àlejò, gbàgede iwájú wọn sì máa ń kún fọ́fọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan lẹ ní, tí ọkọ̀ òfurufú yín sì ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, Ayasofya ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ yàn, torí Sultanahmet lè má ṣí fún àlejò rárá títí ìrun Jímọ̀ yóò fi parí. Òwúrọ̀ ọdún ìtúnu àwẹ̀ àti ti Iléyá náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwẹ̀ Ramadan, gbàgede náà dára jù ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹbí bá tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀ láti ṣínu. Kì í ṣe àkókò wíwọ ilé nìyẹn.

Ẹni tó taku pé méjèèjì lòun fẹ́ ṣe ní àárọ̀ kan, ètò tó máa ń bọ́ sí i rèé, ní ọjọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀:

1. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà àlejò Sultanahmet kí wọ́n tó ṣí i, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tó nínú ilé.
2. Ẹ gba ọgbà àárín kọjá, kí ẹ wà lórí ìlà Ayasofya kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù ṣáájú.
3. Ẹ fún òkè ní wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ jáde kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá fi Ayasofya ṣáájú, tí ìlà sì fà yín sẹ́yìn díẹ̀ péré, ẹ ó dé Sultanahmet nígbà tí wọ́n ń tì í fún Àyílà. Ìmọ́lẹ̀ náà tún fara mọ́ ètò yìí: láti ọgbà àárín, oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn yín bí ẹ bá kọjú sí Sultanahmet. Ní ọ̀sán, ojú oòrùn lẹ ó máa ya á sí, gbogbo ilé gogoro rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò sì dúdú nínú àwòrán. Ayasofya ni ìrọ̀lẹ́ yẹ, àmọ́ òde rẹ̀ kò gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lè padà wá yà á nígbàkúùgbà.

Ẹnu ọ̀nà, aṣọ àti àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́

Ìlà méjì ló wà ní Ayasofya. Èyí tó wà ní iwájú gbàgede jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ kírun. Ti àlejò wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ààfin Topkapı, nítòsí ilé omi aláràbarà tí Sultan Ahmed Kẹta kọ́. Àwọn tó bá tò sí ìlà tí kì í ṣe tiwọn máa ń dúró títí kí wọ́n tó dá wọn padà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí èèyàn fo ìlà kò lè jẹ́ kí ẹ fo ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Ìlà ibi tí wọ́n ti ń rà á nìkan lẹ fò, ẹni tó bá sì ti rà á lórí fóònù ti fò ó láìfowó kún un.

Obìnrin gbọ́dọ̀ bo irun, apá àti ẹsẹ̀ ní ilé méjèèjì. Ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò tí kò bo orúnkún. Sultanahmet máa ń yá àlejò ní ìborùn, ṣùgbọ́n ẹ mú tiyín lọ, torí ìlà ìborùn fúnra rẹ̀ ń jẹ àkókò. Níbẹ̀, ẹ óò bọ́ bàtà, nítorí náà bàtà tó rọrùn bọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ ló dára. Òkè Ayasofya kò ní kápẹ́ẹ̀tì, mábù ni, bàtà yín yóò wà lẹ́sẹ̀. Ẹ má gbé àpótí ìrìnàjò lọ sí ìkankan nínú méjèèjì. Kò sí ibi tí ẹ máa fi í sí.

Ní gbàgede náà, ẹnì kan lè wá bá yín tẹ̀ríntẹ̀rín pé wọ́n ti ti mọ́sálásí, pé kí ẹ jẹ́ kí òun fi ohun mìíràn hàn yín kí wọ́n tó ṣí i. Ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì ni òpin ọ̀nà yẹn. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà fúnra yín. Òmíràn, tó ń dán bàtà, yóò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jábọ́ níwájú yín. Bí ẹ bá bá a mú un, yóò fi dídán bàtà yín dúpẹ́, yóò sì béèrè owó gọbọi. Ẹ pè é padà, kí ẹ tọ́ka sí i, kí ẹ máa lọ.

Láti pápákọ̀ òfurufú

Ẹni tó bá wà láàárín ọkọ̀ méjì, kó kọ́kọ́ rí i pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ gbà á láàyè láti jáde. Láti pápákọ̀ Istanbul, réluwé M11 ló lọ sí Gayrettepe. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ M2 lọ sí Vezneciler, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ Laleli–Üniversite, kí ẹ sì wọ tráàmù T1 dé Sultanahmet. Láti Sabiha Gökçen, M4 ni kí ẹ wọ̀ dé Ayrılık Çeşmesi, kí ẹ bọ́ sínú Marmaray tó gba abẹ́ òkun kọjá dé Sirkeci, kí ẹ tó gba T1. Káàdì kan náà, İstanbulkart, ló ń san owó gbogbo wọn. Ẹ ka wákàtí kan ààbọ̀ sí àlọ, ẹ ka bẹ́ẹ̀ sí àbọ̀, kí ẹ sì fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí àyè yín kò bá tó wákàtí mẹ́jọ, ẹ má jáde. Bó bá wà láàárín mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ilé kan ṣoṣo ni, èyí tí kò ní bọ́ sí àkókò ìrun nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀ tí méjèèjì ti tì, tàbí tí ìlà ti gùn débi tí kò ṣeé tò, ẹ má jókòó sí gbàgede. Ẹ gba ẹ̀yìn Sultanahmet sọ̀kalẹ̀ lọ sí Küçük Ayasofya, tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Justinian kan náà ló kọ́ ọ, láàárín 527 àti 536, wọ́n sì sọ ọ́ di mọ́sálásí lẹ́yìn náà. Igun mẹ́jọ ni ìdí òrùlé rìbìtì rẹ̀ ní, ó jókòó wọ́gọwọ̀gọ sínú ògiri onígun mẹ́rin tí kò fi bẹ́ẹ̀ gún, ẹ sì lè dé ìdí àwọn òpó ìgbà náà kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Òun náà ń kírun lásìkò kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí náà bó bá jẹ́ pé ìrun ló lé yín kúrò lókè, ẹ rọra rìn.